Oògùn apakòkòrò nínú oyún àti èémí ọmọ tuntun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláboyún Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣègùn láàárín wa. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 29. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò ní ilé ìwòsàn tí mo forúkọ sílẹ̀ sí, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ̀ kò ta mí, inú kò sì run mí. Wọ́n kọ amoxicillin fún mi pé kí n lò ó fún ọjọ́ méje. Mo ra oògùn náà, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ló ṣì wà títí di òní. N kò tíì fi ẹyọ kan sẹ́nu.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ọmọ mi àkọ́kọ́, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ní ikọ́ fée tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí bí ẹnìkan bá dáná igi nítòsí, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ra kápúsù ní kẹ́míìsì nítorí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn, tí dókítà kankan kò sì yẹ̀ mí wò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi sọ fún mi pé àwọn olùwádìí òkè òkun ti rí i pé aláboyún tó bá lo oògùn apakòkòrò, ìyẹn antibáyọ́tíìkì, ni ọmọ rẹ̀ ń ní ásímà. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ṣé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọmọ mi báyìí? Ṣé kí n lo èyí tí wọ́n kọ fún mi yìí, àbí kí n wá àgbo tí yóò fọ ìtọ̀ mi mọ́?

Ìyá Ìbejì

Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí oògùn yẹn sùn nínú ọ̀rá mọ́jú ọ̀la. Mo ti gba ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí rí.

Ọdún kẹsàn-án nìyí tí mo lóyún àwọn ìbejì mi. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fi hàn pé mo ní àkóràn, wọ́n kọ oògùn fún mi, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ní oògùn òyìnbó yóò sọ àwọn ọmọ di ọ̀lẹ nínú. Mo gbọ́ tirẹ̀, mo ń mu àgbo. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni òtútù gbé mi jìgìjìgì lóru ọjọ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn mi ń ro mí débi pé n kò lè nàró. Kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ ti gòkè dé kíndìnrín. Wọ́n ń fa omi sí mi lára lọ́wọ́ ni ìrọbí mú mi, mo sì bí àwọn ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ 32. Ọlọ́run dá wọn sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi wà lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn; mo máa ń dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo máa ń wo bí ihò àyà wọn ṣe ń wọlé bí wọ́n bá fẹ́ mí. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún mi pé oògùn ọ̀sẹ̀ kan péré ì bá ti dá àìsàn náà dúró, ẹkún ni mo fi gbà á.

Dókítà Ọmọdé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwádìí òkè òkun yìí, nítorí pé òun ló ń jẹ ìyá yìí lọ́kàn, àti nítorí pé ìdajì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri.

Òtítọ́ ni pé àwọn olùwádìí ti rí i pé ásímà pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ tí ìyá wọn lo oògùn apakòkòrò nígbà oyún. Ní ọdún 2013, àwọn ará Denmark tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ tó lé ní 30,000 tí wọ́n ti ń tẹ̀lé láti inú oyún, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ìyá wọn lo oògùn náà nígbàkígbà nínú oyún ni ásímà mú díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìdí tí wọ́n rò pé ó fà á kì í ṣe ohun àjèjì. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí ni ọ̀tá wa. Àwọn kan wà nínú ìfun ìyá àti ní ojú ara rẹ̀ tí ọmọ máa ń gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i, àwọn wọ̀nyí ló sì ń kọ́ ara ọmọ bí yóò ṣe mọ ohun tó yẹ kó bá jà yàtọ̀ sí ohun tó yẹ kó fojú fò. Oògùn apakòkòrò kì í ṣa kòkòrò lẹ́ṣà. Bó ṣe ń pa ẹni ibi ló ń pa ẹni ire. Bí ara ọmọ kò bá rí ẹ̀kọ́ yẹn gbà dáadáa, ó ṣeé ṣe kó máa bínú sí eruku, èéfín àti òdòdó igi, èyí tí ásímà sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdajì kejì. Ní ọdún 2014, àwọn ará Sweden tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí ọmọ 493,785 tí wọ́n bí láàárín ọdún 2006 sí 2010. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá kan wé ọmọ ìyá mìíràn, wọ́n rí ohun tí àwọn ará Denmark rí: bí ásímà bá mú ọmọ 100 nínú àwọn tí ìyá wọn kò lo oògùn, yóò mú nǹkan bí 128 nínú iye ọmọ kan náà tí ìyá wọn lò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ohun tó jẹ́ ọgbọ́n gidi. Wọ́n mú ọmọ ìyá kan náà, tí ìyá lo oògùn nígbà oyún ọ̀kan tí kò sì lò ó nígbà oyún èkejì, wọ́n fi tẹ̀gbọ́n wé tàbúrò, ìyàtọ̀ náà sì pòórá. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun tó pa àwọn ọmọ náà pọ̀ nínú ilé kan, bí ásímà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, èéfín, tàbí ara ìyá tí àkóràn máa ń tètè mú, ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ jù, tí oògùn kàn wà níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ìyá tí ásímà ń dà láàmú, fún àpẹẹrẹ, ni àkóràn àyà máa ń mú jù, òun ni wọn yóò sì kọ oògùn fún jù, òun náà ni ọmọ rẹ̀ yóò jogún ásímà jù.

N kò torí èyí sọ pé ẹ máa lo oògùn apakòkòrò bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ìwádìí tó fi hàn pé ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ní ásímà nítorí pé ó lo oògùn tó tọ́ fún àkóràn tó dájú. Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má dá ara yín lẹ́bi lórí ọmọ yín. Ẹ̀bi tó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn kápúsù ìgbà yẹn jẹ́ tàwa tí a fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jà kí ẹnikẹ́ni lè rà wọ́n fún ọ̀fìnkìn, tí fáírọ́ọ̀sì sì máa ń fà, tí oògùn apakòkòrò kò sì lè ṣe nǹkan kan fún.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó dá mi lójú. Àkóràn ìtọ̀ tí wọn kò tọ́jú lè gòkè lọ sí kíndìnrín, ó sì lè mú kí ìrọbí tètè bẹ̀rẹ̀, bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ. Ọ̀rọ̀ oṣù tí kò pé sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ní tààràtà. Ẹ wo ọ̀rá tó tutù: bí inú rẹ̀ méjèèjì bá ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, bí ẹ óò ṣe ṣí i yóò fún yín níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe rí. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ara ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kì í sì í sábà tó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35. Ọmọ tí wọ́n bá bí ṣáájú ìgbà náà ni yóò máa bá èémí jìjàkadì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì tún máa ń mí bíi fèrè lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2016 pé kí aláboyún tí kòkòrò wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méje, kódà bí kò bá sí ohun tó ń dùn ún.

Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo èémí ọmọ inú rẹ̀, kó lo amoxicillin yẹn.

Aláboyún Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, Dókítà. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti kà á sí ọkọ mi létí. Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan ṣì kù. Ọ̀kan nínú àwọn kápúsù tí mo lò nígbà oyún àkọ́kọ́ pupa lápá kan, ó sì dà bí ẹyin ẹyẹ etù ní àwọ̀ lápá kejì. Wọ́n máa ń ta á ní ẹyọ-ẹyọ. Kí ni ó lè jẹ́? Ǹjẹ́ oògùn wà tí aláboyún kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn rárá?

Apòògùn Ìbàdàn

Ẹ kú ìbéèrè. Àwọ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni irú oògùn tó wà nínú kápúsù, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n pọ̀, àwọ̀ tí oníkálukú fẹ́ ló sì ń lò. Èyí gan-an ni ewu títa oògùn ní ẹyọ-ẹyọ: orúkọ kò sí lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kò sí, nọ́ńbà NAFDAC kò sí. Ẹ máa gba oògùn yín nínú páálí tàbí páànù rẹ̀.

Lórí èyí tí aláboyún gbọ́dọ̀ yẹra fún, tẹtrasáíkílìnì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń lò ó fún inú rírun, wọ́n ń tú u sójú egbò. Bí aláboyún bá lò ó láti nǹkan bí oṣù kẹrin sókè, ó máa ń wọ inú eyín àti egungun ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, eyín ọmọ náà á sì hù ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tí fífọ̀ kò lè mú kúrò. Kò bá èémí jà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wọ ẹnu aláboyún. Doxycycline wà nínú ìdílé kan náà. Lẹ́yìn náà ni chloramphenicol, tó lè kó ọmọ tuntun sínú ewu ńlá bí ìyá bá lò ó nígbà tí ọjọ́ ìbí ti súnmọ́: ara ọmọ á di bíi eérú, èémí rẹ̀ kò ní gún régé, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì. Streptomycin àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lè ba etí ọmọ jẹ́. Ciprofloxacin, tí kẹ́míìsì máa ń sáré fún ẹni tó bá ní ìtọ̀ ń ta òun, kì í ṣe ohun tí aláboyún yẹ kó kọ́kọ́ dì mú.

Septrin gba àlàyé díẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń dí folic acid lọ́wọ́, èyí tí ara ọmọ fi ń mọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó lè mú kí ibà apọ́njú ọmọ tuntun le, pàápàá lára ọmọ tí kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Síbẹ̀, dókítà lè dìídì kọ ọ́ fún aláboyún tó ní kòkòrò HIV, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí ohun tó kà níbí.

Àwọn tí a ti ń lò fún aláboyún láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọkàn wa sì balẹ̀ sí ni pẹnisílíìnì àti amoxicillin, àwọn ìdílé cephalosporin, àti erythromycin. Ìyá tí ara rẹ̀ ti kọ pẹnisílíìnì rí, tí ara rẹ̀ wú, tí ó hó tàbí tí èémí há fún un, ní láti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí gbogbo wa nìyí. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lo ọjọ́ méje náà pé. Bí ẹ bá dá a dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ara ti yá, àwọn kòkòrò kan lè ṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n sì lè padà wá kí ẹ tó bímọ. Ẹ má ṣe fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó lóyún ní ìlú mìíràn. Ẹ sì má ṣe fi àgbo lé e lórí. A kò mọ ohun tó wà nínú àgbo, a kò sì mọ iye rẹ̀, ẹ̀dọ̀ aláboyún sì ń ṣiṣẹ́ tó fún ẹni méjì tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ọmọ Méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó mi nígbà méjèèjì, wọ́n sì máa ń gún un ní oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ó tún ti lóyún báyìí. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi jáde, kí ó má bàa kan èémí rẹ̀? Ẹnìkan tún sọ fún mi pé bí omi bá dà ṣáájú àkókò, wọn yóò tún fún un ní òmíràn.

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì

Ọmọ mi, má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọdún tí mo lò nínú yàrá ìbí kì í ṣe kékeré, mo sì rí àwọn ìyá tí ojú abẹ wọn kẹ̀, tí ibà gbé wọn dè, tí wọn kò lè gbé ọmọ wọn sáyà. Ìlànà ni pé kí wọ́n fún ìyá ní oògùn náà ṣáájú kí abẹ tó kan awọ, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ọjọ́ méje.

Ní ti omi tó dà, ìyàtọ̀ kan wà tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì fẹ́ kí o fi etí sí i dáadáa. Bí omi bá dà kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, tí ìrọbí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní ORACLE, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Wọ́n rí i pé erythromycin tí wọ́n fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ mú kí oyún pẹ́ díẹ̀ sí i nínú, kí àwọn ọmọ tí ó nílò atẹ́gùn ọ́síjìn sì dínkù. Oògùn apakòkòrò ni, èémí ọmọ ló sì ràn lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan náà, amoxicillin tí wọ́n pò mọ́ clavulanate, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Augmentin, mú kí àìsàn ìfun kan tó burú pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi í rọ́pò erythromycin níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìrọbí bá mú aláboyún ṣáájú àkókò, tí omi kò tíì dà, tí kò sì sí àmì àkóràn, oògùn yẹn kò ṣe é lóore. Nígbà tí àwọn ọmọ irú àwọn ìyá wọ̀nyí pé ọdún méje, àwọn olùwádìí tún wò wọ́n, wọ́n sì sọ ní ọdún 2008 pé àrùn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ìyá wọn gba erythromycin. Oògùn kan náà ni, ìdí tí wọ́n fi lò ó ló yàtọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ fún ìyàwó rẹ ní ohunkóhun, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé, kí ni a ń tọ́jú? Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Àwọn àkóràn kan tún wà tó ń lọ tààrà sí àyà ọmọ. Klamídíà, tó jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, ni ọ̀kan. Ìyá lè má mọ̀ pé òun ní in, ọmọ á kó o lójú ọ̀nà ìbí, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa sun ipin, nígbà tó bá wá di ọmọ oṣù kan sí mẹ́ta ni ikọ́ ṣákálá-ṣákálá yóò bẹ̀rẹ̀ láìsí ibà, tí yóò sì di òtútù àyà. Azithromycin ẹ̀ẹ̀kan nínú oyún ń wò ó, bí a bá tọ́jú ọkọ pẹ̀lú. Bí o kò bá gba ìtọ́jú tìrẹ, o ó tún gbé e padà fún un. Sífílíìsì náà wà, tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ń wò, kò sì sí oògùn mìíràn tí a gbẹ́kẹ̀lé tó bẹ́ẹ̀ fún aláboyún.

Ìyá Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Mo ń ka gbogbo yín láti Peckham. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí wọ́n ń ṣe níbí kún un, nítorí àwọn tiwa tó wà lókè òkun. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Group B Strep, tó ń gbé lára ọ̀pọ̀ obìnrin láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó lè mú kí ọmọ máa kérora bó bá ń mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ gbogbo aláboyún wò fún un ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Níbí, wọn kì í yẹ gbogbo ènìyàn wò, nítorí náà ẹni tó bá ti bí ọmọ tó ní in rí gbọ́dọ̀ sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀, kí wọ́n lè fa pẹnisílíìnì sí i lára nígbà ìrọbí.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ń fún aláboyún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV níbí, láti ọ̀sẹ̀ 28 oyún, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ jòjòló lọ sí ilé ìwòsàn nígbà òtútù. Wọ́n tún ń fún wa ní ti ikọ́ líle láti ọ̀sẹ̀ 16. Mo gba méjèèjì. Ìyá mi ti di kápúsù apakòkòrò mọ́ ẹ̀wà àti èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e fún apòògùn kó dà á nù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo fi ṣọ́ èémí ọmọ mi.

Bàbá Ọmọ Méjì

Ẹ ṣeun, Màmá. Èmi àti ìyàwó mi yóò jọ lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ Ajé. Bí ọmọ bá wá dé, báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé èémí rẹ̀ kò dára? Ọmọ wa kejì máa ń dún nímú láti ọjọ́ kejì tí a bí i, ẹ̀rù sì bà wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ra oògùn apakòkòrò olómi fún un.

Dókítà Ọmọdé

Imú ọmọ tuntun tó ń dún kì í sábà jẹ́ àìsàn. Ihò imú wọn kéré ni. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ wo àyà àti ikùn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú aago. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tó mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un kà. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dìde lọ sí ilé ìwòsàn. Láti oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá, 50 ni. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tó ń kérora, tí ètè rẹ̀ dúdú, tàbí tí kò lè fa ọmú mọ́, ẹ má ṣe kà á rárá, ẹ máa lọ ní òru yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ jòjòló ní oògùn apakòkòrò nítorí ọ̀fìnkìn. Nínú ìwádìí Sweden tí mo mẹ́nu bà, wọ́n tún wo àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn náà lẹ́yìn ìbí, èrò wọn sì ni pé ó ṣeé ṣe kí apá kan nínú àwọn ọmọ tí a sọ pé oògùn ló fún ní ásímà jẹ́ àwọn tó ti ń mí bíi fèrè tẹ́lẹ̀, tí ẹnìkan sì ṣì í pè ní òtútù àyà. Ẹ fún un lọ́mú, ọmú nìkan, fún oṣù mẹ́fà. Inú omi ọmú ni ọmọ ti ń rí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò rere tí oògùn lè ti dínkù lára ìyá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 fo yín, nítorí pé PCV àti Penta tó wà nínú wọn ń dènà òtútù àyà gan-an.

Ìyá wa tó ni ìbéèrè àkọ́kọ́ sọ pé iná igi ń dà ọmọ òun láàmú. Mo fẹ́ kí ó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹn kà. Èéfín igi, èéfín sítóòfù oníkẹrosíìnì, jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí abẹ́ fèrèsé, kọ́ìlì ẹ̀fọn tí a tan mọ́jú nínú yàrá tí ọmọ wà: nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tó ń ba èémí ọmọ jẹ́ nílẹ̀ yìí, àwọn wọ̀nyí ni mo ń bá pàdé jù lọ, a kì í sì í dárúkọ wọn nígbà tí a bá ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Aláboyún Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Ọkọ mi ti gbé àdógán jáde kúrò ní ẹ̀yìn ilé lọ sí ọ̀dọ̀ ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ, a sì ti ra nẹ́ẹ̀tì dípò kọ́ìlì. Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì lánàá, mo jẹ́wọ́ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Kò bá mi wí, ó kàn ní kí n padà wá fún àyẹ̀wò ìtọ̀ mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo bá parí rẹ̀. Ohun kan ló kù: ó yẹ kí n gba SP kẹta, oògùn tó ń dènà ibà nínú oyún, ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣé ó lè bá amoxicillin jà?

Apòògùn Ìbàdàn

Kò bá a jà. Ẹ gba SP yín bí ó ti yẹ, bí oṣù kan bá ti pé láti ìgbà tí ẹ lo ti ìṣáájú. Ibà nínú oyún máa ń mú kí ọmọ kéré, ọmọ tó kéré sì ni èémí máa ń ṣòro fún. Septrin ni kò gbọ́dọ̀ bá SP pàdé. Ẹ tún wo folic acid tí ẹ ń lò: bí ó bá jẹ́ mílígíráàmù 5, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí pé irú iye yẹn máa ń sọ SP di aláìlágbára, 0.4 kò ṣe é ní nǹkan kan.

Aláboyún Abẹ́òkúta

0.4 ni wọ́n kọ sára tèmi. Mo lo kápúsù àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí lẹ́yìn ẹ̀kọ. Aago méjì ọ̀sán ni èkejì, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ̀kẹta. Ọkọ mi ti kọ ọ́ sára ògiri.